Ọjọ́ Tí Tẹjúmádé Dá Ìlà Náà Fà

Ilé ìwòsàn tí Tẹjúmádé ti ń ṣiṣẹ́ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ló ń jáde nínú rẹ̀ láti pa kókó tó bá wà lára aláìsàn. Láràárọ̀, kí ìtànṣán tó jáde, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ ya àwòrán inú aláìsàn bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí inú èèyàn kì í dúró sójú kan. Àpò ìtọ̀ á kún, á tún ṣófo. Ìfun á rìn. Kókó fúnra rẹ̀ á máa súnkì bí ìtọ́jú bá ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó fa ìlà yí kókó náà ká, kó sì fa òmíràn yí àwọn ibi tí ìtànṣán kò gbọdọ̀ jó ká, aláìsàn ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà Ògúndípẹ̀ ló máa ń fa ìlà yìí, òun nìkan sì ni dókítà jẹjẹrẹ tí wọ́n ní. Tó bá ń yẹ aláìsàn tuntun wò lọ́wọ́ ní yàrá rẹ̀, ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ á kàn máa retí, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, inú rẹ̀ á sì ti yí padà kí dókítà tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Tẹjúmádé, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn tó ń darí ẹ̀rọ, kọ́ iṣẹ́ náà. Ó kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, dókítà ń jókòó tì í, ó ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà sọ fún un pé, "Yàrá mi ni mo máa wà lónìí. Tó o bá parí, pè mí lórí fóònù, màá ṣí i wò láti ibẹ̀."

Màmá Beatrice ló kọ́kọ́ wọlé. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni màmá ti fẹ̀yìn tì, Festac ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí ilé ibẹ̀ ṣì tuntun. Àwọn ló kọ́ Tẹjúmádé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré. Ọrùn ilé-ọmọ wọn ni jẹjẹrẹ náà wà.

"Dókítà ńkọ́?" ni màmá bi í, bó ti ń tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró náà.

"Wọ́n wà ní yàrá wọn, Mà. Èmi ni màá fa ìlà tòní."

Màmá wò ó títí. "Ìwọ Tẹjú yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ó dáa." Wọ́n sì di ojú wọn.

Tẹjúmádé jáde lọ bá Henry, ẹni tó ń ṣírò ìwọ̀n ìtànṣán, nídìí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ti dé. Kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ fa ìlà tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, kí èèyàn tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìlà tó fà yí ilé-ọmọ ká yọ gọ̀ǹgọ̀ sí apá òsì. Tẹjúmádé gbé àwòrán àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní. Ìfun kan tó jìnnà lókè lánàá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wá fara ti ilé-ọmọ, kọ̀ǹpútà sì ti ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan.

"Kí lẹ rí, Àǹtí Tẹjú?"

"Ìfun ni. Tá a bá tẹ̀lé ìlà yìí, a máa jó o."

Ó mú fóònù láti pe dókítà kó máa bọ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ti ń wo irú àwòrán yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn dókítà ni. Àfi ìgbà tó wá kàn án pé òun nìkan ló ń wò ó ni ohun tó ń wò tó yé e. Inú ẹni tó kọ́ ọ ládùúrà nìyí, ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsí ojú abẹ. Kókó tó tó ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ mọ́.

Ó fa ìlà náà pẹ̀lú sùúrù, ó yọ ìfun kúrò nínú rẹ̀, ó sì pe dókítà. Dókítà ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

"Mo rí ìfun yẹn," ló wí. "Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ yí níbẹ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Henry ṣírò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ sì rọra yí màmá po.

Nígbà tí màmá wọ aṣọ wọn tán, wọ́n yà sí ìdí kọ̀ǹpútà. "Kí lò ń wò tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Tẹjúmádé fi hàn wọ́n. "Ilé-ọmọ yín nìyí, Mà. Kókó náà nìyí."

Màmá fi awò sójú, wọ́n tẹ̀ síwájú. "Ibí yìí ni Inúmidùn gbé?"

"Ibẹ̀ ni, Mà."

"Inúmidùn tó ń forí gbá àtẹ́rígbà?" Wọ́n tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ bá mi pè é wá."

Inúmidùn, àbígbẹ̀yìn wọn, ló máa ń fi mọ́tò gbé wọn wá. Ó jókòó sóde. Ó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Màmá na ìka sí àwòrán náà, wọ́n sì sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin gìrìwò yìí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Henry dìde lórí àga láìmọ̀. Tẹjúmádé kò lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

Nígbà tí màmá parí ìtọ́jú, tí dókítà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò rí kókó náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wá fún àyẹ̀wò. Nígbà yẹn, Tẹjúmádé ti ń kọ́ Bukky, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń darí ẹ̀rọ, ní bí wọ́n ṣe ń fa ìlà.