Alágbàrù Olóhùn

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Olóhùn ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti agbedeméjì àtẹ̀gùn. Ó gbá Àkọ́bí mọ́ àyà, ó fi àgbọ̀n lé e lórí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀ nítorí kò rí iwájú. Ọkọ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun. Kò fọwọ́ kàn án. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn ti kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tó bá ti wúwo ju kẹ́tùlù omi lọ, kó má tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àfi bíi pé òun gan-an ló ru ẹrù.

Àkọ́bí kì í ṣe ènìyàn. Sípíkà ni, ó dúdú, ó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, ó sì wúwo bí òjé. Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ni wọ́n rà á. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé nígbà náà ló sọ ọ́ ní Àkọ́bí, nítorí bí ọkọ ṣe máa ń gbé e káàkiri, tí á sì máa nu ojú rẹ̀ tí eruku bá ti kàn án. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún tí ọmọ mìíràn kò sì tẹ̀ lé e, wọ́n fi àwàdà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ sípíkà lára.

Orin kíkọ ni iṣẹ́ Olóhùn. Òun nìkan ni, òun àti gìtá rẹ̀, ní ilé oúnjẹ, ní ilé ìkàwé, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà, níbikíbi tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pè é. Bàtà ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní ọ̀sán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, alágbàrù ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Olóhùn máa ń pè é, “Alágbàrù mi,” orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Òun ló máa ń gbé Àkọ́bí wọlé, òun ló máa ń so wáyà, òun náà ni yóò sì lọ dúró sẹ́yìn pátápátá, tí yóò máa fi ọwọ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀: gbé e sókè díẹ̀, rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti tó. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ èdè ọwọ́ yẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Olóhùn ló ń gbé ẹrù ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn gìtá, wú. Ó fi aṣọ wé e, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó ní ó yẹ kí àwọn lọ wo sípíkà kékeré, èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé.

“Ìyẹn ni pé wàá lè máa dá lọ,” ọkọ sọ.

“Màá lè máa dá lọ o!” Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. “Ẹ̀yin náà á wá ráyè sinmi.”

Sinmi kẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú bàtà. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ òun?

Bí wọ́n ṣe di Àkọ́bí sẹ́yìn takisí ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, kí wọ́n lè fi ohùn rẹ̀ wé ti àwọn tuntun. Awakọ̀ ló bá wọn gbé e wọ ilé ìtajà. Obìnrin tó ń ta sípíkà níbẹ̀ fi pẹ́ńsùlù gún irun, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó yí Àkọ́bí po.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ fẹ́ kí n tà á ni, àbí kí n sin ín?”

Olóhùn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ ìnuwọ́ yọ, ó nu orí Àkọ́bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó. Ọkọ ní ó ń hó bí omi gbígbóná, òótọ́ ló sì sọ. Èkejì ní iná aláràbarà tó ń ṣẹ́jú níwájú. “Ṣé orin ló fẹ́ kọ ni, àbí ó fẹ́ máa darí ọkọ̀ lójú títì?” Òótọ́ náà nìyẹn. Àárẹ̀ ti ń mú olùtajà kó tó wọ inú yàrá kejì lọ, tó sì gbé ẹ̀kẹta jáde. Èyí kò tóbi ju àpótí tí ọkọ ń kó òòlù àti ìṣó bàtà sí lọ. Àwọ̀ eérú ni, ó ní okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká, bátìrì sì wà nínú rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán dalẹ́. Olóhùn gbé e kọ́, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó rìn padà, ó tún lọ.

“Ẹ wò mí,” ló ń wí. “Ẹ sáà wò mí!”

Ó so gìtá mọ́ ọn, ó gba máìkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ọkọ rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn ilé ìtajà, láàárín àwọn páálí, bó ṣe máa ń ṣe.

“Ṣé ó dùn mọ́ yín létí, Ìyá?” olùtajà bèèrè.

“Mi ò lè mọ̀ láti ibí. Etí mi ló dúró lọ́hùn-ún yẹn.” Ó fi ẹnu júwe ọkọ rẹ̀. “Ohun tó bá ti sọ ni.”

Ọkọ tẹ́tí. Ó wá àléébù kan, kò rí. Ohùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdọ̀tí. Ó gbọ́ èémí tí ìyàwó rẹ̀ ń fà kó tó gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń họ ara okùn gìtá, àwọn nǹkan tí Àkọ́bí kò jẹ́ kó gbọ́ rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yára fajúro. Ó ti rí ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀: Olóhùn á gbé nǹkan yìí kọ́ èjìká, á ní ó dàbọ̀, á ti ilẹ̀kùn. Òun á wá jókòó ti bàtà àwọn olóbàtà títí di ìgbà tó bá wù ú láti dé.

“Kò dára,” ló sọ.

“Bàbá!” olùtajà lanu.

“Ohùn rẹ̀ kò lára. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo.”

“Nínú agolo kẹ̀? Èyí tí mo ń gbọ́ níbí yìí?”

“Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni,” Olóhùn dá a lóhùn. Kò jiyàn, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ gìtá kúrò lára sípíkà kékeré náà, ó fi ọwọ́ pa á lórí díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtajà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé Àkọ́bí.

Ó gbé e kúrò nílẹ̀. Kí ó tó nàró tán, ọwọ́ òsì já a kulẹ̀, igun Àkọ́bí sì balẹ̀ gbàmù. Olóhùn ti ọwọ́ náà bọ abíyá, ó dijú pinpin. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín tó máa ń rín nítorí rẹ̀ ni, kí ó má bàa mọ̀ pé nǹkan ń dun òun.

“Ọwọ́ mi yọ̀ ni,” ó wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbá jẹ́ pé ó jiyàn ni! Ìbá jẹ́ pé ó sọ pé “irọ́ lẹ ń pa,” ọkọ ì bá fárígá, wọn ì bá jọ fà á, ojú rẹ̀ ì bá sì gbà á. Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń gba aago ara ògiri gbọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

“Fi sílẹ̀,” ó sọ.

“Kí ló dé?”

“Mo parọ́.”

Olùtajà rántí lójijì pé òun ní nǹkan tí òun fẹ́ tò ní igun kejì ilé ìtajà.

“Ó dára,” ọkọ wí. Ilẹ̀ ló ń wò. “Ó dára ju Àkọ́bí lọ. N kò gbọ́ ohùn rẹ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni?”

“Tó o bá ti ń gbé e fúnra rẹ, kí ni mo tún fẹ́ máa bá ọ lọ ṣe?”

Olóhùn wò ó títí. Ó jọ pé inú fẹ́ bí i, ó tún jọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

“Ẹ ó jókòó,” ó wí.

“Kí n jókòó?”

“Bí àwọn ènìyàn ṣe ń jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó níbi tí mo ti ń kọrin rí?”

Ọkọ ronú lọ, ó ronú bọ̀. Kò rí ẹyọ kan mú.

Wọ́n ra èyí tó láwọ̀ eérú náà. Olùtajà ní òun á fi Àkọ́bí sẹ́nu ọ̀nà, kó máa bá òun pe oníbàárà. Ọkọ ní kò burú. Ó rìn dé ojú títì kó tó padà wá sọ fún obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó máa bá òun nu ojú Àkọ́bí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóhùn ní iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé sípíkà kọ́ èjìká, ó sì wọlé ṣáṣá bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà. Fìlà nìkan ló wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n fa àga fún un. Kò mọ bí yóò ṣe jókòó sí i, ó kọ́kọ́ fi ìdí kan lé etí àga náà.

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?” obìnrin tó wà nídìí tábìlì kejì bi í.

“Ìyàwó mi ni,” ó dáhùn, ó sì wá jókòó dáadáa.

Olóhùn fúnra rẹ̀ ló ń yí bọ́tìnnì, kò sì wo ẹ̀yìn. Ìyẹn dun ọkọ rẹ̀ díẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbọ́ orin kan tán, ó gbọ́ òmíràn, títí ó fi kan èyí tí Olóhùn fi máa ń kásẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nílẹ̀, orin arẹmọlẹ́kún kan tó kọ fúnra rẹ̀.

Ọkọ mọ ohùn orin náà, kò mọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé orí rẹ̀, ìta ló máa ń wà, á ti máa wá takisí, á ti máa tẹ́ àpò sílẹ̀ de Àkọ́bí. Ohun tó máa ń gbọ́ láti ìta ni pé ohùn náà ń gé. Ojú kan náà ló máa ń gé sí, lẹ́yìn náà á padà wá. Ó pààrọ̀ wáyà nítorí rẹ̀, ó tún un pààrọ̀. Tí wọ́n bá ń lọ sílé, á ní, “Wáyà yẹn tún gé lónìí o.” Olóhùn á máa wo ojú fèrèsé ọkọ̀. “Bóyá ni,” ló máa ń dáhùn.

“Sùn,” ló ń kọ báyìí, “ilẹ̀ ti ṣú, sùn, má ṣojo, sùn...”

Ohùn gé.

Ọkọ ti dìde kúrò lórí àga tán kó tó rí i pé ìka ìyàwó òun kò kúrò lórí okùn gìtá. Gìtá ń lọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló pa dé. Káàkiri ilé oúnjẹ náà, àwọn ènìyàn sì ń sọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Obìnrin ìdí tábìlì kejì sọ orúkọ kan sínú ife tíì rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sọ méjì. Olóhùn fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo ni, kí kálukú lè fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ orin náà rí ló mọ̀, àfi òun tó ń pààrọ̀ wáyà.

Ó rọra padà jókòó.

Oyún kan wà, ní ọdún kejì tí wọ́n fẹ́ra. Kò dúró. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, àwọn méjèèjì ti fi ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan mú orúkọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n já ọ̀pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò sórí ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pè é nínú wọn. Ọkọ rò pé Olóhùn ti gbàgbé rẹ̀. Ó sì ti máa ń dúpẹ́ pé ó gbàgbé.

Orin náà tún yípo. “Sùn, má ṣojo, sùn...” Olóhùn pa ẹnu dé, ó sì gbé ojú sókè sí ibi tí wọ́n fa àga fún un sí.

Ọkọ rẹ̀ pe orúkọ náà.