Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Gbẹ́rù

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gorí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Bí kò bá lọ sóko, á lọ sọ́jà. Bí kò bá lọ sọ́jà, á jẹ́ pé ẹnìkan ló rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá kàn ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láàárọ̀ Sátidé, tí kò gbé nǹkan kan, tí kò lọ síbì kankan, tó sì tún ń súfèé, a ó kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ dá. Ìbéèrè tí gbogbo àdúgbò ń bi Olúgbádé nìyẹn, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní èdè Faransé ní Ọ̀wọ̀. Fúnmiọlá, ìyàwó rẹ̀, ti bi í títí ó fi sú u.

Ẹjọ́ Olúgbádé kọ́. Ilẹ̀ Faransé ló kó o ràn án. Nígbà tó wà ní yunifásítì, wọ́n rán wọn lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ló sì dé sí ní abúlé. Bó bá ti di Sátidé, ìyá náà á yá a ní kẹ̀kẹ́, àwọn méjèèjì á wá gba ọ̀nà kan tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, igi lọ́tùn-ún, igi lósì, mọ́tò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Tọkọtaya, ọmọdé, arúgbó, gbogbo wọn ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín pápá. Bí wọ́n bá débi tó wù wọ́n, wọ́n á jókòó jẹun, wọ́n á padà sílé. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé níbo lo ń lọ. Olúgbádé ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ aráyé lè sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1989 ló rí ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà àwọn agégẹdú àtijọ́ ni, láti ẹ̀yìn Ọ̀wọ̀ títí dé Upenmen. Afárá onígi tó wà lórí odò kékeré kan kéèyàn tó wọ abúlé ti já, pákó méjì péré ló ṣẹ́kù, mọ́tò kankan kò sì lè gbabẹ̀ mọ́. Koríko ti hù láàárín ọ̀nà, igi kòkó ti na ọwọ́ bò ó lórí. Inú Olúgbádé dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó rọ omi sínú ìgò, ó nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, ó gbọ̀nà.

Ilé àkọ́kọ́ tó kàn ní Upenmen, obìnrin kan wà níwájú rẹ̀, ó ń yí kòkó tó sá sórí ẹní. Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo ojú Olúgbádé, ó wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, níbi kárìà tí à ń di ẹrù mọ́, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ó ṣubú sórí kòkó.

“Ṣé ọmọ mi ni?” ó ń bèèrè. “Ṣé Monica ni?”

Àwọn aládùúgbò sáré jáde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé tíṣà yìí kò wá túfọ̀ ẹnikẹ́ni, pé afẹ́fẹ́ ló wá gbà. Pa Akínwọlé, àgbà ìjọ Àgùdà níbẹ̀, ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì là á yé e. Lábísí ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ òfìfo ti wá bá a lẹ́nu ọ̀nà: ìkíní fún ọkọ rẹ̀, ìkejì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Monica nìkan ló kù, ó ń tàìpù ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

“Tíṣà, ẹni tó ń túfọ̀ kì í di ẹrù,” Pa Akínwọlé wí. “Kì í yà ra nǹkan lọ́nà. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ṣófo lọ́dọ̀ tiwa, ukú ló gbé.”

Ojú ti Olúgbádé. Ó bẹ Lábísí, ó bá a ṣa kòkó tó dànù, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní wá lófìfo mọ́. Ká sòótọ́, inú bí i díẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Faransé kì í di nǹkan kan. Ìgbádùn tí a bá di ẹrù lé lórí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ diṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè torí pé òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́ kó wá pa ìyá oníyàá.

Sátidé kejì, ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Kúlísúmù tó ní ààrò lẹ́bàá ọjà, ó fi rọ́bà dì í mọ́ kárìà, ó gbé e fún Lábísí. Lábísí náà di ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un pé kó bá òun fún Monica. Bó ṣe di ìṣe nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Olúgbádé á yà lọ́dọ̀ Monica láti gba ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, Lábísí á ti jókòó síwájú ilé, bó bá sì ti rí búrẹ́dì lókèèrè, ó mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè, á bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ bu omi tútù fún àlejò. Fúnmiọlá rẹ́rìn-ín, ó ní oríire ni, ọkọ òun ti ríbi tó ń lọ wàyí. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́, Olúgbádé gbádùn rẹ̀ ju ọ̀nà ẹ̀bá odò ilẹ̀ Faransé lọ.

Nígbà tó di ọdún 1994, bẹntiróòlù di ohun àwátì. Mọ́tò jókòó sílé, títì ńlá pàápàá dákẹ́, Olúgbádé sì ń ṣàwàdà pé gbogbo Nàìjíríà ti di ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje, ó yà lọ́dọ̀ Monica, ó bá a lórí ibùsùn, ibà ti dá a gúnlẹ̀.

“Bọ̀dá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá,” Monica wí. “Kò sí mọ́tò. Bí wọ́n bá gbọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn wá, ẹsẹ̀ wọn kò sì dáa. Ẹ ṣáà gbé búrẹ́dì lọ.”

Ó gbé búrẹ́dì lọ. Lábísí bèèrè pé Monica ńkọ́, Olúgbádé ní Monica ní kí òun kí i. Irọ́ kọ́ nìyẹn o, Monica ní kó kí i. Ṣùgbọ́n Lábísí wo búrẹ́dì yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó fọkàn balẹ̀, Olúgbádé sì rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Monica kú.

Àwọn àgbà ìjọ ní Ọ̀wọ̀ sọ pé tíṣà ló mọ ọ̀nà. Wọ́n ní kó lọ bá Pa Akínwọlé lákọ̀ọ́kọ́, kí ìyẹn kó àwọn obìnrin jọ yí ìyá ká kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé Lábísí ni ilé àkọ́kọ́, kò sí bí èèyàn ṣe lè yẹra fún un. Olúgbádé bá ra búrẹ́dì. Ó rò ó pé bí ìyá bá rí búrẹ́dì, kò ní ṣubú, òun á lè kọjá. Ọgbọ́n gidi ni, èmi náà ì bá dá a. Ó ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ àwọn igi kòkó, ọ̀nà náà sì dára láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bó ṣe máa ń dára.

Ó dé ibi afárá tó já, ó dúró. Ó rántí ẹ̀rín Lábísí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mọ̀ pé òun kò lè fi búrẹ́dì tan obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú rọ́bà, ó gbé búrẹ́dì sórí pákó, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lábísí wà ní ìjókòó rẹ̀. Kò wo ojú Olúgbádé rárá. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló wò. Lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo, kò sì ṣubú.

“Tíṣà,” ó ní, “níbo ni búrẹ́dì mi wà?”

Olúgbádé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá tún bi í.

“Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ṣé ara rẹ̀ kò yá nígbà náà?”

“Kò yá, Màmá. Ó ní kí n má sọ. Ó ní ẹsẹ̀ yín.”

Lábísí na ọwọ́, ó fi kan irin kárìà náà. “Èyí ì bá gbé mi,” ó ní. “Kẹ̀kẹ́ yìí ì bá gbé mi lọ wò ó.”

Òótọ́ ni. Kò sọ sí Olúgbádé lọ́kàn rí, kò sì sọ sí Monica lọ́kàn. Ó ká aṣọ lé kárìà, ó gbé ìyá jókòó sí i, ó gùn ún dé Ọ̀wọ̀ kí ìyá lè rí òkú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi afárá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì rìn kọjá lẹ́bàá búrẹ́dì, tí èèrà ti bò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí Olúgbádé tó tún lè gbójú sókè gba ọ̀nà náà. Ó di búrẹ́dì Kúlísúmù mọ́ kárìà. Ó bá Lábísí níwájú ilé, àwọn obìnrin abúlé ń bá a yí kòkó. Lábísí dìde, ó tú rọ́bà fúnra rẹ̀, ó sì gbé búrẹ́dì náà lé e lọ́wọ́.

“Ẹ gbé e lọ ulé fún ìyàwó yín,” ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìbínú níbẹ̀. “Láti òní lọ, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yín lófìfo, bí ẹ ṣe máa ń sọ pé wọ́n ń gùn ún nílẹ̀ Faransé. Ẹni tí mo ń torí rẹ̀ bẹ̀rù kò sí mọ́.”

Olúgbádé kí wọn pé ó dàbọ̀. Kò gun kẹ̀kẹ́ náà. Ó tì í lọ́wọ́ títí dé Ọ̀wọ̀.