Ó Korò Díẹ̀, Máa Bọ̀

Bí ẹ bá dé Ìbafo lásìkò kòrónà, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ̀ nípa àrùn náà jù ládùúgbò, wọn ò ní júwe ilé dókítà fún yín. Ilé Ìyá Oníbùtà ni wọ́n máa júwe. Ròkíátù ni orúkọ tí àfáà sọ ọ́, Kẹ́hìndé ni èyí tó mú tọ̀run wá, ṣùgbọ́n bùtà àti ẹní ìkírun tó ń tà níwájú ilé ló fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Rédíò kékeré kan tó fi rọ́bà dì láàárín ni olùkọ́ rẹ̀. Kò sí ìròyìn tó ń fò ó. Ó mọ iye ẹni tí àrùn mú ní ìpínlẹ̀ Ògùn lánàá, ó mọ bó ṣe yẹ kí ọṣẹ pẹ́ lọ́wọ́ tó, ẹni tó bá sì fa ìbòmú sí àgbọ̀n wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á bi í bóyá àgbọ̀n ló fi ń mí.

Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa, ó gbà pé òwò bùtà ti parí nìyẹn. Àṣé àwọn onígbàgbọ́ ló máa rà á tán. Gbogbo ilé ló ń wá ohun tí wọ́n máa fi bomi fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Jésùtófúnmi, obìnrin ọmọ ìjọ tó ń gbé ojúlé kejì, gbé ọ̀kan sẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó tún gbé òmíràn lọ fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá Oníbùtà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí wọ́n máa jọ rín in.

Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn tó bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló ń dá gbọ́ ọ. Uthman ọmọ rẹ̀ àti Nusaybah ìyàwó Uthman ń gbé iwájú ilé, òun ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Èkó ni Uthman ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń fara kan èrò nínú ọkọ̀, àtọ̀gbẹ sì wà lára ìyá. Wọ́n bá pinnu pé àwọn ò ní wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Nusaybah á gbé oúnjẹ ka orí àpótí, á kan ilẹ̀kùn, á sì yáa kúrò níbẹ̀. Ojú fèrèsé ni àwọn ọmọ-ọmọ ti ń kúnlẹ̀ kí i. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ẹni tó máa bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa dá jẹun, kó máa gbọ́ bí eyín òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rún oúnjẹ, ó ní bó ṣe ń rí lára.

Ẹni tó wù ú kó rí jù ni Táíyé, èkejì rẹ̀ tó wà ní Àgbàdo.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, nílé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Táíyé ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táíyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Àwọn ìbejì mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn méjì yìí fi ṣe òfin ni. Bí ìyá wọn bá gbé àgbo wá, Kẹ́hìndé á pa ẹnu dé, á nàka sí Táíyé. Táíyé á gbé e mu, ojú rẹ̀ á fún pọ̀, á wá ní, "Ó korò díẹ̀. Máa bọ̀." Kẹ́hìndé náà á sì mu tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, Táíyé ló kọ́kọ́ gòkè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí èkejì rẹ̀ tó ń gbọ̀n nílẹ̀, ó ní, "Ó korò díẹ̀. Máa bọ̀." Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe àgbo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé Kẹ́hìndé. Nígbà tí Táíyé lọ sílé ọkọ ní Àgbàdo, tó padà wá kí wọn nílé, Kẹ́hìndé fà á wọ yàrá, ó bi í bí ilé ọkọ ṣe rí. Èsì kan náà ló fọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí wọn, kò sì pẹ́ tí Kẹ́hìndé náà fi gbà láti lọ́kọ.

Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni. Wọn kì í sọ ọ́ létí ọkọ, wọn kì í sọ ọ́ létí ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí Táíyé sì bá a tọ́ wò láyé, kò sí èyí tó sọ fún un pé ó rọrùn. Ìdí tí Kẹ́hìndé fi gbà á gbọ́ nìyẹn.

Kónílé-ó-gbélé dé, wọn ò lè rí ara wọn mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pàdé. Kẹ́hìndé á máa ro ìròyìn rédíò fún Táíyé, Táíyé á ní kó yé dẹ́rù ba òun, kó sọ ohun tó jẹ. Nígbà tó di àárín òjò, fóònù Táíyé ò lọ mọ́. Uthman wá dúró lójú fèrèsé, ó ní Ìyá Àgbàdo ti lọ sọ́dọ̀ Fadilah ọmọ wọn ní Ìlọrin. Ìyá Oníbùtà bi í bó ṣe rí ọ̀nà lọ, nígbà tí rédíò sọ pé ìjọba ò jẹ́ kí èrò kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Uthman ní ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ ló gbé wọn. Ìyá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ò ní fi pamọ́ fún yín. Táíyé ò lọ sí Ìlọrin. Ikọ́ ló mú un, èémí rẹ̀ ń kúrú, kí wọ́n sì tó rí ọkọ̀ tó máa gbé e, ó ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ̀ bóyá kòrónà ni. Ọjọ́ náà gan-an ni Uthman àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ sin ín. Àwọn àgbà ẹbí sọ lórí fóònù pé a kì í sáré túfọ̀ ìbejì fún èkejì rẹ̀. Wọ́n ní kí àrùn yìí kọjá ná, kí àwọn lè wá jókòó yí i ká, kí wọ́n wá rọra sọ ọ́. Àṣà tó dára ni, bí àgbà bá ríbi jókòó. Ṣùgbọ́n àrùn ò kọjá, àwọn àgbà ò lè wá, irọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjọ́ mélòó kan wá ń dàgbà bí ọmọ.

Bí Kẹ́hìndé bá ní kí wọ́n bá òun pe Ìlọrin, Fadilah á ní ìyá òun ń sùn. Nígbà tó yá, ó ní etí wọn ti di, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́. Inú bí Kẹ́hìndé. Á jókòó ti rédíò rẹ̀, á máa bá Táíyé jà lóun nìkan, pé ìwọ náà wá gbàgbé mi, pé o rí ọmọ bá gbé, o ò rántí ẹni tí ẹ jọ wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń yẹra fún un nítorí àrùn. Èkejì rẹ̀ ń yẹra fún un láìnídìí. Ní gbogbo ọdún náà, kò sí ohun tó dùn ún tó ìyẹn.

Ọdún yípo. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá Oníbùtà gbọ́ nípa rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń dán an wò lókè òkun, ó gbọ́ ìgbà tí ọkọ̀ òfúrufú gbé e wọ Nàìjíríà, ó gbọ́ pé àwọn àgbà àti àwọn tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ló yẹ kó tètè gbà á. Ìyá Jésùtófúnmi ké sí i láti ẹ̀yìn ọgbà pé wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sí òun lórí Wọ́sáàpù, pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà, gílóòbù á máa tàn bí wọ́n bá fi kan apá rẹ̀. Ìyá Oníbùtà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gún òun ní apá méjèèjì, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú iná lọ ní Ìbafo.

Gbogbo ará ilé rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Uthman bá a forúkọ sílẹ̀. Àfi bó ṣe ní òun ò lọ.

Ó ní, "Ṣé Táíyé ti gbà á?"

Uthman ní òun á béèrè lọ́wọ́ Fadilah.

"Kí Táíyé kọ́kọ́ gbà á. Tó bá ti sọ bó ṣe rí fún mi, màá lọ."

Uthman bẹ̀ ẹ́, Nusaybah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàlàyé abẹ́rẹ́ náà fún àdúgbò, ṣùgbọ́n ká mọ̀dí nǹkan lọ́tọ̀, ká gbé ẹsẹ̀ síwájú lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì sí ilẹ̀kùn kan tí òun ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó tún ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé èyí ló máa mú Táíyé sọ̀rọ̀. Bó ti wù kí Táíyé bínú tó, kò ní jẹ́ kí òun dojú kọ nǹkan tí kò bá òun tọ́ wò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Ògúnlàdé kú ní Magboro, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń yà lọ́dọ̀ Ìyá Oníbùtà láti bá a jiyàn lórí ìròyìn. Èémí tó ń kúrú ló pa á. Rédíò sì ń sọ pé abẹ́rẹ́ tó wọ̀lú ò lè kárí. Ẹ̀rù ba Uthman gidi. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ìyá kan, kò fẹ́ sin èkejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó wọlé. Kò dúró lójú fèrèsé. Ó wọ inú yàrá gan-an, ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kà. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ bíi pé àlejò ló dé.

"Màámi, good news ni mo gbé wá. Ìyá Àgbàdo ti gba abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n fún wọn ní Ìlọrin lọ́jọ́ Monday."

Ìyá Oníbùtà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Alihamdulilahi. Ó wá sún mọ́ ọn. "Kí ló sọ?"

"Nípa kí ni, Màámi?"

"Nípa abẹ́rẹ́. Ó ní báwo ló ṣe rí?"

Ẹni tí ìfẹ́ bá mú parọ́, ohun tó rẹwà jù ló máa ń mú jáde. "Wọ́n ní kò le rárá. Wọ́n ní ó easy gan-an, wọn ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí wọ́n gún wọn. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ, kí ẹ má bẹ̀rù."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀ lókè ìbòmú. Táíyé ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ dé ayé. Bí etí rẹ̀ di pátápátá, ẹnu rẹ̀ ò di, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ló máa fi ránṣẹ́ sí òun. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá tò sójú kan: fóònù tí kò lọ, ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ, oorun tí Táíyé ń sùn lọ́sàn-án lóru. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, torí bó bá sọ ọ́ jáde, ọmọ yìí á sunkún, òun ló sì máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun ò ní agbára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ó dáa, kó wá mú òun lọ láàárọ̀.

Bí Uthman ṣe jáde, ó pa rédíò. Ó fi ìborùn di ẹnu, ó sunkún. Ikú nìkan kọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Gbogbo èébú tó bú Táíyé láti ọdún tó kọjá ni, àṣé ẹni tó wà nínú ilẹ̀ ló ń bú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

Nílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n to bẹ́ńṣì jìnnà síra. Ìyá Jésùtófúnmi bá wọn lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára òun náà, àti pé ó ti búra pé bí Ìyá Oníbùtà bá lọ, òun á tẹ̀ lé e. Nígbà tó rí abẹ́rẹ́, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ wá. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

Kẹ́hìndé wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó láti kékeré. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ibi tí Táíyé lọ tọ́ wò lọ́tẹ̀ yìí, kò lè ké sí òun láti ibẹ̀ pé kí òun máa bọ̀, òun náà ò sì tíì ṣe tán láti lọ. Ó dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n gún un, wọ́n ní kó jókòó sinmi díẹ̀. Uthman gbé omi wá. Ó gba omi náà, kò mu ún.

"Uthman, níbo lẹ sin àbúrò mi sí?"

Uthman kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èrò, ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí èèyàn ti fara kan obìnrin náà gbẹ̀yìn.

"Ìfọ̀ ni, Màámi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín."

Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ó ṣeun tó gbé e lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì tún pè. Ìyá Jésùtófúnmi ló kàn, kò lè dìde. Ó yíjú sí Ìyá Oníbùtà, omi ti lé sójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?"

Kẹ́hìndé na ọwọ́ tí wọn ò gún sí i.

"Ó korò díẹ̀," ló wí. "Máa bọ̀."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dìde.