Ìjókòó Méjì Nínú Bọ́ọ̀sì

Bàtà Bheko ẹyọ kan ló kọ́kọ́ fò jáde, kí Bheko fúnra rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Òun ni ọlọ́dẹ mùsíọ́mù, ó ga bí òpó iná, kùmọ̀ wà nídìí rẹ̀, síbẹ̀ ikọ́ ló ń lé e.

"Màmá Zibu! Ó tún ti ń wúkọ́ o! Yàrá kẹfà! Ọ̀sán gangan!"

"Ṣé ikọ́ ló máa gbá ẹ létí ni?" Zibuyile gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Lọ mú bàtà ẹ."

"Ẹ bá mi mú un, Mà. Ìyàwó mi ò tíì bímọ."

Zibuyile nìkan ni kì í sá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sínú gíláàsì, tí wọ́n wá ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn láti wò ó. Yàrá kẹfà ni bàbá rẹ̀, Mhlabunzima Zungu, kú sí nígbà tí Zibuyile wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọn ò gbé òkú fún ẹnikẹ́ni. Ikọ́ bàbá rẹ̀ sì rèé: kúkúrú méjì, gígùn kan. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbá yàrá yẹn. Nígbà míì á gbá a lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan nílé.

Àfi lánàá tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú lórí ẹní àìsàn: "Zibu, lọ mú bàbá ẹ wálé. Mi ò fẹ́ kú tán kí n tún máa wá a kiri."

Lónìí, ó yọ ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún, èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí òkú wálé, lábẹ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní yàrá kẹfà.

"Bàbá, èmi ni. Ẹ dìde, ilé yá."

Ikọ́ náà dá wáí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn ún ju ikọ́ lọ. Láti ibẹ̀ títí délé, kò gbọdọ̀ bá alààyè kankan sọ̀rọ̀. Bó bá ya ẹnu pẹ́rẹ́, bàbá á bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ òkú ò mọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Ó na ìka méjì sí dírẹ́bà, ó sanwó èèyàn méjì, ó gbé ẹ̀ka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin oníkùn ńlá kan wọlé.

"Màmá, ẹ gbé igi yín." Kò dáhùn. "Àbí ẹ yadi ni?"

Ó jókòó. Kò pẹ́ tó fi fò sókè, tí orí rẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀.

"Ìwọ náà!" dírẹ́bà pariwo. "O ò rí i pé èèyàn wà níbẹ̀? Ó ti sanwó! Tọrọ àforíjì!"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ń fọwọ́ kan họ ìdí. "Ẹ má bínú, Bàbá." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Zibuyile gé ètè rẹ̀ jẹ.

Orí afárá Thukela ni fóònù ti dún. Nokwethaba, àbúrò rẹ̀. Ó dún títí ó dákẹ́, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Zibuyile ń wò ó bí ẹni ń wo iná tó ń jó ilé.

"Bàbá, odò la ń sọdá yìí o."

Nokwethaba wà lẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ lérí. Zibuyile gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ ilé rìbìtì, ó gbé ẹ̀ka náà síbi ògiri ẹ̀yìn tó jẹ́ tàwọn baba ńlá wọn. "Bàbá, a ti délé." Ìgbà náà ló yíjú.

"Mo pè ẹ́," Nokwethaba ní. "Ohùn ẹ ni Màmá fẹ́ gbọ́. Mo gbé fóònù sí i létí, ó ń dún, ó ń dún."

Aṣọ ti bo ojú ìyá wọn. Zibuyile sún ẹ̀ka náà mọ́ ọn. Ó kéré tán, wọ́n ti rí ara wọn.

Ọjọ́ ń rọ̀ nígbà tí Bheko pè. "Màmá Zibu, ikọ́ ti tán o. Àmọ́ ìyá arúgbó kan wọlé lọ́sàn-án, kò wọ bàtà, kò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tààrà sí yàrá kẹfà. Mo tẹ̀lé e, mi ò bá ẹnì kankan."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní, 'Ṣé ó ti lọ ni?'"

Zibuyile wo ẹ̀ka náà, ó wo ẹní. Bóyá orí afárá ni wọ́n ti kọjá ara wọn. Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá lòun fi dá gbọ́ ikọ́ yẹn.

Ó mú àdá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí igi ẹlẹ́gùn-ún láti gé ẹ̀ka kan fún ìyá rẹ̀. Nokwethaba ń béèrè ibi tó ń lọ. Kò dá a lóhùn.