Kásẹ́ẹ̀tì Ìgbéyàwó tó Há Sínú Fídíò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìlú Saltpond, ní ilẹ̀ Gánà, Tíṣà Tekyi wà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń fi ìka tú ẹní wò láti eteetí dé àárín. Sípíríngì kékeré kan ló ń wá. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, inú ẹ̀rọ fídíò ìyàwó rẹ̀ ló sì ti fò jáde.

Mama Esaaba, aládùúgbò wọn, ń kọjá lọ síbi omi ẹ̀rọ. Ó rí i níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Tíṣà ní àdúrà lòun ń gbà. Obìnrin náà ṣe àmín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Ewurama, ọmọ wọn obìnrin, ṣe ìgbéyàwó ní Tema lóṣù tó kọjá, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ náà ránṣẹ́ sílé. Maame Otuwa, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Anomabo, kò fojú kan ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀, torí pé ó ṣubú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Kò ní fídíò. Aba Kwegyirba, ìyàwó Tíṣà, ti wá ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ nílé àwọn ní Sátidé, kí wọ́n jọ wò ó. Agbẹ̀bí ni Aba, ó máa ń tètè jáde láàárọ̀. Bó ṣe jáde tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni Tíṣà ní kóun tún wo ọmọ òun díẹ̀ sí i. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò. Fídíò fà á, ó kérora, ó dúró gbagidi. Kò ṣiṣẹ́, kò sì pọ kásẹ́ẹ̀tì jáde.

Ẹlòmíì ì bá fi í sílẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ á fi dé. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni Tekyi fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé níṣẹ́ ọwọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì dá a lójú pé kò sí àpótí tí òun ò lè ṣí. Ó ti yá ẹnì kan ní irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì, onítọ̀hún ò sì tíì dá a padà. Ó bá mú ọ̀bẹ ìjẹun. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tú, ìkẹrin bó. Bó ṣe ń fi ọ̀bẹ náà yọ kásẹ́ẹ̀tì láti inú ni nǹkan kan dún tín-ín, tó sì fò gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí Aba fi máa dé ní aago méjì, Tíṣà ti de fídíò padà, ó ti fi aṣọ bò ó, ó ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ jókòó ti dokono, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, àti ẹja díndín tán kó tó là á mọ́lẹ̀ pé fídíò ti kú. Ó ní ó ti gbó, ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe eré. Ó ní òun rí tuntun kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Cape Coast, pẹlẹbẹ báyìí, dúdú báyìí, èèyàn á jókòó sórí àga á sì máa darí rẹ̀. Ó yin fídíò tuntun náà títí Aba fi gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, tó ń wò ó.

Fídíò yẹn kì í ṣe nǹkan lásán lójú Aba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló gbé e wá fún un láti Hamburg, nígbà tó yege ìdánwò agbẹ̀bí àgbà. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ gbé e lọ fún Amonua tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ibùdókọ̀, kó bá àwọn wò ó. Tíṣà ní àwọn tó ń tún fídíò ṣe ò ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n á yọ èyí tó dáa, wọ́n á fi èyí tó bàjẹ́ rọ́pò.

"Amonua tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́?" ni Aba bi í. "Tó bá ní ó ti kú, màá fi owó ìsinmi ọdọọdún mi ra tuntun lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò yọ ọ́?"

Tíṣà tún aṣọ orí fídíò náà ṣe. Oorun ò sì fi bẹ́ẹ̀ kùn ún lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé fídíò mọ́ àyà, Aba ń tẹ̀ lé e, wọ́n forí lé ibùdókọ̀ níbi tí Amonua pa àtíbàbà rẹ̀ sí. Amonua ò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Kíláàsì Tíṣà ló ti kọ́kọ́ di irin iṣẹ́ mú, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Takoradi. Ó dìde, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wọn ní bẹ́ǹṣì. Ó dojú fídíò dé, ó ń wo àwọn nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀.

"Ẹnì kan ti tú u ṣáájú mi, Maame," ló sọ níkẹyìn. "Irin iṣẹ́ kọ́ ló sì lò."

Aba ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Amonua gbójú sókè wo Tíṣà. Ó rántí ọjọ́ tí òun fi ọ̀bẹ tú nọ́ọ̀tì ní kíláàsì, tí Tíṣà ní kóun kọ ọ́ nígbà àádọ́ta pé ọ̀bẹ kì í ṣe irin iṣẹ́. Tíṣà náà rántí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún tẹ orí ba. Bó bá bú Tíṣà ni, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ni Tíṣà wí. "Ọ̀bẹ ìjẹun ni mo lò. Sípíríngì kan fò jáde, mi ò rí i mọ́."

Aba yíjú sí i. "Ẹ wá ní ó ti kú?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Bàbá Ewurama, ṣé torí pé ojú ń tì yín lẹ ṣe fẹ́ kí n ju ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbé la òkun kọjá nù? Ká ní ẹ sọ fún mi ni, kí ni mo fẹ́ fi yín ṣe?"

Kò pariwo. Ó dìde, ó jáde lọ dúró sí ìta, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò. Tíṣà jókòó bí ọmọ kíláàsì tí wọ́n lé sẹ́yìn. Amonua ń tú nọ́ọ̀tì lọ ní tirẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, èjìká Aba bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tíṣà rò pé ẹkún ni. Àfi bí Aba ṣe yíjú padà, tí omi ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀.

"Àdúrà," ló ń wí. "Mama Esaaba dá mi dúró lójú ọ̀nà lánàá, ó ní kí n máa dúpẹ́, pé ọkọ mi ti di aládùúrà, pé ó ń forí kanlẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀. Mo ti wá ń rò ó pé bóyá ara yín ni ò yá."

Amonua fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó kọ́kọ́ tijú, lẹ́yìn náà ó rín in dáadáa.

Nígbà tí gbogbo wọn sinmi, Amonua ṣí inú fídíò náà fún wọn wò. Ó ní rọ́bà tó ń yí i ti rọ̀, àgbá kékeré tó ń fa téèpù náà ti dán jù, ìyẹn ló ṣe jẹ ẹ́ mọ́ra. Ó fi aṣọ funfun nu orí tó ń ka àwòrán, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́.

"Ká ní orí yìí ti gbó ni, mo máa ní kẹ́ ẹ lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n ó ṣì dáa. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tuntun yẹn fúyẹ́ bí ike ọṣẹ. Mo ní òkú fídíò irú rẹ̀ kan níbí, màá yọ sípíríngì ara rẹ̀."

Aba ní kó tún un ṣe. Tíṣà ní òun fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá lè jẹ́ kóun wà níbẹ̀ kóun wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́bọ̀, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orí bẹ́ǹṣì yẹn ló wà. Ó béèrè ìbéèrè títí ó fi sú Amonua, tó fi ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fojú wò ó ni, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án." Tíṣà káwọ́ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ìròyìn tí kò dára. Téèpù náà ti run wómúwómú níbì kan, Amonua sì ní láti gé e, kó so ó pọ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n rí ohun tó bá ibẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ ìyànjú tí bàbá ìyàwó sọ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Aba fọwọ́ bà á léjìká, ó sì yára yí ojú sí ibòmíì kó má bàa rí i pé ẹ̀rín ń pa òun.

Maame Otuwa dé ní Sátidé, lórí ọ̀pá méjì, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga tó rọ̀ jù, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mama Esaaba náà wá. Fídíò fa kásẹ́ẹ̀tì wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ilà tín-ín-rín kan ń gbọ̀n lókè àwòrán, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí Maame Otuwa rí ọmọ rẹ̀ tó ń wọlé nínú aṣọ kẹ́ńtè, ó di ọwọ́ Aba mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó ń jó.

Ó wá kan Tíṣà. Ó dìde nínú àwòrán, ó tún kẹ́ńtè gbé sí èjìká, ó la ẹnu. Lójú ẹsẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́, ó sì ti ń jókòó.

"Àna mi, kí lẹ sọ?" ni Maame Otuwa béèrè. "Ó yá jù."

Aba ní fídíò ló jẹ ẹ́. Maame Otuwa ní ìyẹn ò kan òun: ẹsẹ̀ òun ló kán, etí òun ò kán, òun ò sì ní kúrò níbí láìgbọ́ ohun tí wọ́n bá ọmọ òun sọ.

Tíṣà pa tẹlifíṣàn lóhùn. Ó dìde níwájú rẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ Ewurama, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, pé kó máa gbọ́ tẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó ní bó bá ba nǹkan jẹ́ nínú ilé, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró dọjọ́ kejì.

Aba yíjú wo Mama Esaaba, ó rọra ní, "Kò sọ ìyẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Maame Otuwa ní kí wọ́n dákẹ́ kóun gbọ́. Tíṣà sì ń bá a lọ.