Eyín Tó Ń Tán Lẹ́nu Ọmọ

Aránṣọ kan gbo eyín ọmọ rẹ̀ títí apá fi ń ro ó, síbẹ̀ àbàwọ́n rúsúrúsú náà ò lọ. Ojoojúmọ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ pé, "Ìyàwó, ọ̀bùn ni ọ́." Ló bá gbé ọmọ lọ bá dókítà eléyín.

Dókítà ní, "Ìdọ̀tí kọ́. Láti inú erìgì, kí eyín yìí tó hù, ni èèpo rẹ̀ ò ti gbó. Gbígbo tí ẹ ń gbo ó ló ń bó ìyókù kúrò."

Aránṣọ délé, ó ṣàlàyé. Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ ti rí àwáwí!" Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. "Ọmọ mi, lanu."

Aránṣọ já búrọ́ọ̀ṣì náà gbà, ó sọ ọ́ síta.

"Ẹ máa pè mí ní ọ̀bùn, màmá, mo gbà! Ẹ ṣáà jẹ́ kí eyín ọmọ mi ṣẹ́kù."