Ọwọ́ Òsì Lókè

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, mi ò ní sọ ìyókù. Ní Sátidé tó kọjá yìí, lójú gbogbo ará Bajulaiye àti ìdajì ará Pedro, èmi Àlàájì Mùtíù, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan. Ilẹ̀ ni mo ń gbá. Iyẹ̀pẹ̀ ta sára jalabíà funfun mi títí dé ọrùn.

Khàlíl ló fà á. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe rí. Khàlíl ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Toyibat ọmọ mi. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní gọ́ọ̀fù lórí pápá ilé-ìwé kan ní Pedro. Gọ́ọ̀fù! Ní Bàrígà! Nígbà tí Toyibat sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé, "Ìyẹn ni eré ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní iṣẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn. Mo pòṣé. Èmi tí mo fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé kọ́lé, tí mo ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ ìgé-bébà láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí irun mi fi funfun, kí n wá gbé ọmọ fún ẹni tó ń fi ọ̀pá lé bọ́ọ̀lù kéékèèké kiri?

Sàwúdátù ìyàwó mi ní, "Àlàájì, ẹ ṣe sùúrù." Mo ní ó dáa, màá ṣe sùúrù. Àwọn ará pápá yẹn ti wá bẹ̀ mí pé kí n wá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá wo eré àwọn ọmọ wọn. Mo ní kí Khàlíl wá kọ́ mi. Bí mo bá gbá a tó lọ dáadáa lójú ayé, á jẹ́ pé ọmọ náà níṣẹ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, kí àwọn èèyàn ẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá lọ, kó lọ wá ìyàwó níbòmíì. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé. Mo tún sọ ọ́ fún Awwal ọ̀rẹ́ mi tó ń ta íǹkì ní Fádèyí, ni Awwal bá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà máa kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Khàlíl dọ̀bálẹ̀ kí mi tán, ó gbé ọ̀pá fún mi. Ó ní, "Ọwọ́ òsì lókè, sà, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ má fún un pa. Bí ìgbà tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ ọmọ mú sọdá títì Ìkòròdú ni, sà: kó má bọ́, kó má sì dun ọmọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀pá sókè, ẹ jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ yín tẹ̀. Tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, á tú sílẹ̀ fúnra ẹ̀."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Òsì lókè ọ̀tún? Tí mo bá dúró kírun, ọwọ́ wo ló máa ń wà lókè? Ọ̀tún ni. Tí mo bá fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan, ọwọ́ wo ni mo fi ń nà án? Ọmọ àná ni kó wá ní kí n gbé òsì gun ọ̀tún lórí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ èsì tó fún mi: "Ìrun yàtọ̀ sí eré, sà." Haà! Mo ju ọ̀pá ẹ̀ sílẹ̀, mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo padà lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo gbé sókè. Mo fún ọ̀pá náà mọ́wọ́ bí mo ṣe ń fún ọwọ́ ẹ̀rọ ìgé-bébà, ọrùn-ọwọ́ mi sì gan bí ọmọ odó. Khàlíl wò mí. Ó ní, "Ó dáa, sà. Ẹ ti ń mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà, kò sọ nǹkan míì nípa ọwọ́ mi mọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá kó sí gọ́tà, á ní, "Afẹ́fẹ́ ni, sà." Tí mo bá gbá ilẹ̀, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni ò tẹ́jú. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí pé ẹ̀bùn ni, pé Ọlọ́run ló fún mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ náà wá pé. Wọ́n na kánópì, àwọn òbí kún ibẹ̀. Ẹni tó mú gbohùngbohùn lọ́wọ́ kì mí títí ara mi fi wú. Mo ṣí fìlà, mo dúró, mo gbé ọ̀pá, mo là á mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń wò mí. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni ò dúró dáadáa. Mo tún là á, bọ́ọ̀lù ò mira. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni iyẹ̀pẹ̀ bò mí. Ẹnì kan fẹ́ fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, kò bò ó. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń ràn. Láìpẹ́, gbogbo abẹ́ kánópì ti ń mì.

Ni Awwal bá dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá ọ̀rẹ́ mi gbá a." Awwal tí orúnkún ń yọ lẹ́nu! Ó gbé òsì sókè, ó gbé ọ̀tún sísàlẹ̀, ó rọra dì í mú. Ọrùn-ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀, ó tú, bọ́ọ̀lù gbéra nílẹ̀, ó lọ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wà lọ́hùn-ún. Àtẹ́wọ́ sọ.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Awwal, ta ló kọ́ ẹ?"

"Ta ni ì bá tún kọ́ mi? Khàlíl mà ni. Ọmọ yẹn le o! Kò sí ọjọ́ tí kì í bá mi wí nítorí ọwọ́ mi."

Ara mi tutù. Á jẹ́ pé Khàlíl mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ó ń wò mí títí mo fi lọ tẹ́ ní gbangba. Mo fẹsẹ̀ rìn délé, ojú ń tì mí bí ẹni pé ìhòòhò ni mo wà. Àwọn èèyàn ń kí mi lójú ọ̀nà pé, "Àlàájì, ẹ kú eré o!" Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Kó tó di àkókò ìrun Àsárì, mo ti ní kí wọ́n pe Khàlíl wá. Sàwúdátù àti Toyibat wà ní pálọ̀. Ọmọ náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé bí mo ṣe ń di ọ̀pá mú ò dáa?"

"Mo mọ̀, sà."

"O kọ́ Awwal, o fi èmi sílẹ̀ kí n lọ dójú ti ara mi. Ẹni tí ò lè sọ òótọ́ fún mi nípa ọwọ́ méjì péré, òótọ́ wo ló máa bá ọmọ mi sọ nínú ilé? Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n má wá mọ́."

Toyibat fi ìborùn bo ojú. Khàlíl ò dìde nílẹ̀. Ó ní, "Mo sọ ọ́ fún yín, sà. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ju ọ̀pá sílẹ̀. Àtọjọ́ náà ni Toyibat ti ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀ tẹ́ ẹ ò dá a lóhùn, títí ẹ fi padà wá sí pápá. Òun ló sunkún bẹ̀ mí pé kí n má tún sọ nǹkan kan mọ́. Àlàájì Awwal máa ń bú mi, sà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bú mi ló ń tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin, sà... ẹ̀rù yín máa ń bà wá."

"Bà wá" ló sọ. Kò sọ pé "bà mí".

"Irọ́ ni!" Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Sàwúdátù, ṣé irọ́ kọ́ ló ń pa?"

Sàwúdátù tún gèlè ẹ̀ ṣe. Ó ní, "Àlàájì, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ n gbé oúnjẹ wá."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Lóòótọ́ ni ọmọ yẹn máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, "Ẹ káàárọ̀, sà," tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni tó yẹ̀ fún gọ́tà. Mo pè é ní ìkọ́ni nígbà náà. Wàláì, ìtìjú orí pápá yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá mi ní pálọ̀ ara mi. Mo jókòó. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

Mo ní, "Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Khàlíl ní, "Ẹ ṣé, sà," ṣùgbọ́n kò gbé orí sókè. Sàwúdátù náà ní, "Ẹ ṣé, Àlàájì." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò ṣe Àlùhámúdù.

Mo wá rọ ohùn mi sílẹ̀. "Toyibat, ọmọ mi. Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé ó wù ẹ́ kí wọ́n wá? Tí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, sọ ọ́ sí mi lójú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Ó ṣí ojú. Ìyá ẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ìyá ẹ̀ mi orí díẹ̀ fún un pé kó má sọ ọ́, ó rò pé mi ò rí i. Ni Toyibat bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì."

"Mi ò bínú! Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń bínú?"

Ohùn mi ti lọ sókè kí n tó mọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti ń wo ilẹ̀.